Igi Tó Ṣíji Bo Òrùlé Kararaina

Bí Kararaina bá jí láàárọ̀, kó tó gbé omi tíì kaná, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló máa kọ́kọ́ gbà lọ. Ara ògiri ibẹ̀ ni bátìrì wà, àpótí funfun kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, yóò wo iná wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, yóò sì kí i bí ẹni ń kí àgbà.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé mi di òwúrọ̀."

Àwọn ará ilé kejì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ojú fèrèsé wọn. "Àǹtí, ṣé ó dá yín lóhùn?"

"Ó dá mi lóhùn. Àbí n ò mí ni?"

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí obìnrin yìí ti ń bọ̀ lè pe èyí ní wèrè. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, Kararaina kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka òun mọ́ ọlọ́ṣà, ì báà jẹ́ bátìrì.

Abúlé Waihuka, létí omi Hokianga, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò mọ ibẹ̀ rárá. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí Mereana, ìyá rẹ̀, gbé e lọ sí ìlú ńlá Auckland láti lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Ó di ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá kú. Àwọn ẹbí bàbá ló tọ́ ọ. Wọn ò fìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ ẹbí ìyá sí i létí, bó ṣe dàgbà nìyẹn láìmọ̀ bóyá ẹnì kan wà níbì kan tó ń ronú kan òun. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ọkọ kú. Ó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún fọ ilẹ̀ ilé ìwé ní Otara, àdúgbò kan ní Auckland, pẹ̀lú ọṣẹ tó ń ta ní imú, títí imú náà ò fi gbọ́ òórùn mìíràn mọ́. Nígbà tí owó ilé wá wọ́n kọjá agbára rẹ̀, inú gáréèjì Arihia, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló kó sí.

Kì í ṣe ẹ̀bi Arihia. Ilé tí òun náà háyà ti kún dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ mẹ́ta, ọkọ kan, àbúrò ọkọ méjì. Ṣùgbọ́n gáréèjì yẹn, ògiri ẹ̀ máa ń làágùn bí ẹni tó sáré ni nígbà òtútù. Èébu dúdú hù sára tìmùtìmù, ó hù sára bàtà, mo gbọ́ pé ó hù sára Bíbélì. Kò pẹ́ tí àyà Kararaina fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún fíì, fíì, bó bá ti rìn dé ọ̀dọ̀ ẹnu géètì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó gbé ẹ̀rọ kan fún un. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ni, àpótí kékeré tó ń kùn hùn-ùn-ùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara rẹ̀ wọ ihò imú. Láti ọjọ́ náà, ibi tí iná bá wà ni ẹ̀mí Kararaina wà.

Ọjọ́ tí wọ́n pè é láti Waihuka, ó rò pé gbájúẹ̀ ni.

"Ṣé ọmọ Mereana nìyí?" ni obìnrin kan wí lórí fóònù. "Ẹbí ń kọ́ ilé mẹ́fà sórí ilẹ̀ àwọn bàbá wa. Ìjọba bá wa dá sí i. Ẹnì kan sì ti fàáké kọ́rí, ó ní àfi kí ọ̀kan jẹ́ tiyín."

"Ẹ wò ó, arábìnrin, n ò ní kọ́bọ̀ ní báńkì. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn jà lólè."

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Arihia fi mọ́tò gbé e dé Waihuka pẹ̀lú àpò aṣọ àti ẹ̀rọ tó ń kùn. Ilé kékeré ni, yàrá méjì, ó gbẹ, ó ń rùn bíi pákó tuntun. Kararaina fi ọwọ́ pa ògiri láti yàrá dé yàrá, ó ń wá ibi tó tutù. Nígbà tí kò rí i, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún tẹ́rùn.

Lupe ló kan sólà mọ́ orí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọmọ erékùṣù Tonga ni, obìnrin onígìrìpá kan báyìí tó máa ń kọ orin ìsìn lórí òrùlé olórùlé. Òun ló kọ́ Kararaina bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Àǹtí, ọ̀sán ni kí ẹ máa fọṣọ. Ọ̀sán ni kí ẹ máa se ohun tó bá máa pẹ́ lórí iná. Ohun tí oòrùn bá gbé wá, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, bátìrì á gbé e pamọ́. Tí òpó iná bá wá wó, tinú bátìrì lẹ máa fi mí."

"Òpó iná máa ń wó níbí?"

Lupe rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àkàbà. Waihuka ni wáyà ìjọba parí sí. Atẹ́gùn tó bá ti lè ṣí fìlà lórí èèyàn ti tó wó òpó wọn, kí àwọn tó máa tún un ṣe sì tó gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ náà débẹ̀, ẹran inú fíríìjì á ti rà.

Nínú gbogbo àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà, Eruera nìkan ni kò lọ gbé ibì kankan rí. Láti ìlú ńlá ni gbogbo àwọn tó kó sínú ilé mẹ́fà ti padà wá, òun ní tirẹ̀ wà nínú ilé onípákó tí bàbá rẹ̀ kọ́ sórí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n Mereana ló bí i, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti yan ẹja, á fi ìwé ìròyìn wé díẹ̀, á gbé e síwájú ilẹ̀kùn Kararaina, á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, á sì ti lọ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n fẹ́ fi sólà sórí òrùlé tirẹ̀ náà. Ó ní òun ò nílò nǹkan ìṣeré ọmọdé.

Báyìí ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ṣe lọ, tí Kararaina ń sùn, tó ń jí, tó ń dúpẹ́.

Nígbà tí oṣù kẹfà, tó jẹ́ ìgbà òtútù níbẹ̀, dé, ó ṣàkíyèsí pé iná wẹ́ẹ́rẹ́ ara bátìrì kì í kún mọ́. Á dé ìdajì, á dúró bí ẹni tó rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Lupe. Lupe gun òrùlé, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì na ìka síwájú ilé.

"Bátìrì kọ́ ló ṣe yín, Àǹtí. Igi yẹn ni."

Igi puriri kan ló dúró níbẹ̀, ní apá àríwá gan-an, ibi tí oòrùn ń gbà kọjá ní apá ayé yẹn. Igi ńlá ni, ewé rẹ̀ kì í wọ́ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, àwọn ẹyẹlé igbó sì máa ń jẹ èso rẹ̀ yó débi tí wọn ò fi ní lè fò dáadáa. Ẹni tó yan ojú ilé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wá, nígbà tí oòrùn wà lókè téńté tí òjìji igi ò dé ibì kan. Kò wá sí ọkàn rẹ̀ pé oòrùn a máa rẹlẹ̀ nígbà òtútù. Ní báyìí, òjìji náà ń gun orí òrùlé láti àárọ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n.

"Tí a bá gé ẹ̀ka ẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀ka kọ́, Àǹtí, igi yẹn ga jù. Tí a bá gé e débi tó máa ṣe sólà yín láǹfààní, kì í ṣe igi mọ́, kùkùté ni."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà tí ìjì ńlá fi jà. Òpó wó. Ilé márùn-ún yòókù ń jẹ iná wọn lọ ní tiwọn. Bátìrì Kararaina gbé e di ọjọ́ kejì, ó sì kú nígbà tí ọ̀sán pọ́n. Ẹ̀rọ tó ń kùn dákẹ́. Ó ní sílíńdà atẹ́gùn kékeré kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó jókòó síbi tábìlì, ó ń retí kí iná dé. Ilé kejì kò jìnnà ju ibi tí èèyàn lè ju òkúta dé lọ, kò sì lọ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gbà sílé látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó ti mọ́ ọn lára kó má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wá wò ó, ètè rẹ̀ ti dúdú. Inú mọ́tò ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tó padà dé, ó gun òkè lọ bá Eruera. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúulé o."

"Ọmọ Mereana. Wọlé, jókòó. Ṣé ara ti ń mókun?"

"Ó ń mókun díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Igi puriri iwájú ilé mi yẹn, mo fẹ́ ká gé e."

Eruera gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Igi wo?"

"Èyí tó bo sólà mi."

"Ìwọ, Kararaina. Ìwọ lo fẹ́ gé igi yẹn."

"Èmi ni."

"O sì rò ó dáadáa."

"Mo rò ó, Ẹ̀gbọ́n. Igi ni. Èèyàn ni mí."

Bàbá náà wò ó bí ẹni tí wọ́n fọ́ létí. "Ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Auckland?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe kí ni?"

"Máa lọ sílé. Lọ tún un rò. Tó bá ṣì jẹ́ ohun tí o fẹ́ nìyẹn, kí o tún un sọ, n ó ṣe é. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yẹn, n ò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré."

Kararaina sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà pẹ̀lú ìbínú tó jẹ́ pé kò rántí sinmi. Ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé e. Arúgbó ahun ni. Ó rí òun bí àjèjì tó ti ìlú ńlá dé, ó fẹ́ kí òun kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nítorí igi. Kararaina ní òun ò ní bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Igi dùn ún ju ẹ̀mí mi lọ," ló wí fún Lupe. "Ẹ̀mí ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀!"

"Bóyá ó ń fi nǹkan ṣe ìrántí ni, Àǹtí."

"Kó fi fọ́tò ṣe é!"

Ẹja yíyan kò wá mọ́. Bí Eruera bá rí i lọ́nà, á fọwọ́ kan fìlà, á sì máa wo ojú omi. Àwọn ará ilé yòókù rò pé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni, nítorí pé láàárín ẹbí, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ló máa ń mú irú ojú bẹ́ẹ̀ wá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwọn méjèèjì yìí, inú ń run àwọn méjèèjì, ọ̀kan ò sì bi èkejì pé kí ló dé. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti gbá orí wọn mọ́ra wọn.

Oṣù kẹjọ, ìjì mìíràn dé. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ará ilé kejì kò dúró kó pè wọ́n. Wọ́n gbé òun àti ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n gbé e sí pálọ̀ wọn. Kararaina jókòó síbẹ̀, ó ń gba atẹ́gùn tí kì í ṣe tirẹ̀ símú, ó sì rí i pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kí bátìrì lè tó ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ kékeré ilé náà wọ ẹ̀wù méjì léra, ó ń wúkọ́. Ohun tó mú un ju orí-kunkun sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí iná dé, ó pe Lupe.

"Bá mi gun òkè. Sọ fún un pé mo ti tún un rò. Kó gé e."

Lupe gun òkè. Eruera ń pọ́n ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni pé ó ti ń retí.

"Ṣé ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́?"

"Ẹnu ara ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa," ni Eruera wí. "Sátidé."

Ojú ọjọ́ Sátidé náà mọ́ kedere, òtútù ń ta. Kararaina jókòó sẹ́nu fèrèsé pẹ̀lú rọ́bà nímú rẹ̀, ó ń retí arúgbó kan nínú aṣọ iṣẹ́. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè wọ kóòtù dúdú, ó so táì, ó fọ bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó gbé ẹ̀rọ ìgégi dání lọ́wọ́ kan bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Àwọn ará ilé gbogbo jáde, Lupe náà wà láàárín wọn, wọ́n sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí aṣọ ìsìnkú ni bàbá wọ̀.

Eruera gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara igi náà gẹ́gẹ́ bí Kararaina ṣe máa ń fi kan bátìrì. Ó gbàdúrà ní èdè àwọn baba wọn, lẹ́yìn náà ó bá igi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ ọ́, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"A dé o. O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí bàbá mi gbẹ́ ihò tí a gbìn ọ́ sí, èmi ọmọ kékeré ni mo gbé agbè tí ibi ọmọ náà wà nínú ẹ̀ dání. Ibi Kararaina, ọmọ Mereana. A sin ín sábẹ́ rẹ, a ní kí o máa ṣọ́ ọ títí á fi padà. O ṣọ́ ọ, ó padà. Lónìí, òun fúnra ẹ̀ ló ní ká gé ọ. Kí Ọlọ́run má kà á sí i lọ́rùn."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa okùn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ké.

"Ẹ dúró!"

Kararaina ti jáde. Kò wọ bàtà. Ó ń sáré, obìnrin tí kò lè rìn dé ẹnu géètì láìsinmi, rọ́bà imú rẹ̀ ń nà lẹ́yìn rẹ̀ láti inú ilé wá. Rọ́bà náà nà títí dé ibi tó lè nà dé, ó já kúrò nímú rẹ̀, ó ṣubú sínú koríko. Kò wẹ̀yìn. Ó fi ẹ̀yìn ti igi, ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

"Orúkọ ta lẹ dá?"

Eruera pa ẹ̀rọ. "Orúkọ rẹ ni. Ṣé o ní òmíràn?"

"Ibi ta ni… ta ni wọ́n sin síbí?"

"Kararaina." Ohùn bàbá náà ṣàdéédéé rẹlẹ̀. "Má sọ fún mi pé o ò mọ̀."

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Ta ló kù tó máa sọ fún mi?"

"Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò mọ ibi tí wọ́n sin ìwọ́ òun sí!"

"Èmi ò mọ̀!"

Fìlà bọ́ lọ́wọ́ Eruera. Lórí ilẹ̀ yẹn, èèyàn mọ igi rẹ̀ bó ṣe mọ imú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni pé imú rẹ nìyí. Kò wá sí bàbá náà lọ́kàn rí pé a lè bí ọmọ kan ní Waihuka kó má mọ̀.

"Mo rò pé o mọ̀ tí o fi ní ká gé e," ló wí. "Mo ní irú ọmọ wo ni Mereana bí yìí."

"Èmi náà ní irú ahun wo rèé."

"Ahun? Èmi?"

"Ẹ ò gbé ẹja wá mọ́!"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu Lupe, ó sì fọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Kararaina náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ di ẹkún. Lupe ti he rọ́bà, ó gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fi rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú padà. "Ẹ jókòó, Àǹtí, kí ẹ má lọ kú sábẹ́ igi yín."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò. Eruera jókòó tì í tòun ti kóòtù dúdú. Ó sọ fún un bí Mereana ṣe gbé e lọ nígbà tí igi náà ò ju ìka lọ. Ó sọ bó ṣe ń lé màlúù kúrò lára rẹ̀, bó ṣe ṣe ọgbà yí i ká. Nígbà tí òun di géńdé, bàbá òun fẹ́ fi igi náà ṣe òpó ọgbà, torí kò sí igi tó dà bíi puriri fún òpó, òun sì dúró níwájú àáké. Ó ní òun ní, "Bàbá, tó bá padà dé tó bèèrè ńkọ́?" Láti ìgbà náà ló ti máa ń ti igi náà wo ojú ọ̀nà. Òun sì ni ẹni tó fàáké kọ́rí pé ọ̀kan nínú ilé mẹ́fà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ Mereana.

Ní gbogbo ọdún tí Kararaina fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwé ní Otara, ní gbogbo òru tó fi ń gbọ́ tí omi ń kán nínú gáréèjì, tó ń rò pé bí òun bá kú, Arihia nìkan ló máa mọ̀, ọkùnrin kan wà níbí tó ń lé màlúù kúrò lára òun. Ó di ọwọ́ Eruera mú.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an. N ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń ṣọ́ mi."

"Ọpẹ́ kí ni?" ni Eruera wí, ó ń nu imú. "Màlúù ọ̀hún ò pọ̀."

Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè fi ìfẹ́ mí nígbà òtútù, ó ṣì ku ọ̀rọ̀ iná. Igi ò ní kúrò, oòrùn ò sì ní gba ibòmíràn. Lupe dúró, ó ń wo òkè, ó ń wo ìsàlẹ̀, ó wá ń wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bátìrì ò bèèrè orí òrùlé tí iná ti wá," ló wí. "Bàbá, òrùlé tiyín yẹn, ṣé òjìji kankan máa ń dé ibẹ̀?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, rárá."

"Ká kó sólà Àǹtí lọ síbẹ̀, ká ri wáyà mọ́lẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni."

"Ṣé kì í ṣe ọmọdé ni mí nígbà tí mo gbé agbè?" ni Eruera wí. "Kó wọn wá."

Kò rọrùn tó bó ṣe dún lẹ́nu. Lupe lọ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Títí di ìgbà náà, bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú, Kararaina á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, á lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Ó nira fún un ju sísáré yẹn lọ, ṣùgbọ́n ó ń kan án. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ojú ọ̀nà wáyà, gbogbo ilé mẹ́fà ló mú ṣọ́bìrì. Wọ́n din búrẹ́dì, wọ́n se ọ̀dùnkún, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n bú ara wọn, wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Àpáta dí ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn ilé, ó di dandan kí wáyà gba ìhà iwájú ilé kó tó yí sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n sì dé tòsí igi, Eruera gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán wá ọ̀nà fún wáyà láàárín gbòǹgbò, kò sì já ọ̀kan.

Ìgbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ni ìjì tó kẹ́yìn dé. Òpó wó bó ṣe máa ń wó. Ẹ̀rọ kùn lọ́jọ́ kìíní, ó kùn lọ́jọ́ kejì, ó kùn lọ́jọ́ kẹta títí iná ìjọba fi padà. Kararaina ò kúrò nílé rẹ̀. Ọmọ ilé kejì tó ń wúkọ́ ló wá jókòó tì í, torí ibẹ̀ móoru jù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Arihia pè. Oyún rẹ̀ ti tó oṣù méje, ọmọ kẹrin tí kò retí.

"Màámi, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo máa gbé ibi ọmọ lọ sílé tí mo bá bí. Ti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n bá mi jù ú nù. Ilé àyágbé, ibo ni mo fẹ́ sin ín sí?"

Kararaina wo ìta. Eruera jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ó ń yọ egungun ẹja, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Gbé e bọ̀ nílé," ni Kararaina wí.

"Gúúsù o!" ni Eruera kígbe láti ìta. "Sọ fún un pé apá gúúsù la máa gbin tiẹ̀ sí! N ò ní òrùlé mìíràn tí n ó yá yín mọ́!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kararaina gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti kí bátìrì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó wo iná wẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tó kún, ó wá ya ojú. Ihò kan ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó jìn dé orúnkún, wọ́n ti ṣe ọgbà kékeré yí i ká kí màlúù má bàa dé ibẹ̀. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n bí ọmọ náà.